Bí Ìtọ́jú Arúgbó Ṣe Di Iṣẹ́ Àjọṣe

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, arúgbó tí kò bá lówó, tí kò sì ní ọmọ tí yóò gbà á sílé, ilé àwọn tálákà ni ó ń lọ. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá dá dúbúlẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bèèrè bóyá ó tún lè dìde. Orúnkún rẹ̀ a ká, iṣan rẹ̀ a súnkì, ìdí rẹ̀ a di egbò, wọn a sì ní ogbó ni ó ń ṣe é.

Ní ọdún 1935, ilé ìwòsàn West Middlesex ní Isleworth, létí London, gba irú ilé tálákà bẹ́ẹ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì fi àwọn aláìsàn inú rẹ̀, tí wọ́n lé ní 700, lé Dókítà Marjory Warren lọ́wọ́. Akíkanjú obìnrin yìí yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ti sọ̀rètí nù lórí wọn ni ó lè padà rìn. Ó tún rí ohun tí èmi kà sí àgbà ìmọ̀, pé oògùn nìkan kò lè ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: dókítà lè mọ àrùn, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ó mọ bí aláìsàn ṣe sùn mọ́jú, ẹni tí ń na oríkèé fún un ni ó mọ ìṣísẹ̀ mélòó tí ó gbé lánàá, ẹni tí ń kọ́ ọ láti tún fi ọwọ́ kan wọṣọ ni ó mọ bọ́tìnì tí ó ń dà á láàmú, òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn sì ni ó mọ̀ bóyá àtẹ̀gùn wà ní ilé tí ó ń padà lọ. Warren kó gbogbo wọn jọ sídìí iṣẹ́ kan náà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní 1943 àti 1946. Àwọn arúgbó ń dìde, wọ́n ń lọ sílé, títí ibùsùn fi ṣẹ́kù tí a fi fún àwọn dókítà àrùn àyà.

Ní 1958, Dókítà Lionel Cosin dá ilé ìwòsàn ojúmọmọ sílẹ̀ ní Oxford, níbi tí àgbà ti ń wá gba ìtọ́jú, tí yóò sì padà lọ sùn sílé rẹ̀. Irú èyí ni ó di àwòkọ́ṣe fún On Lok, ètò ìtọ́jú àgbà tí William Gee, oníṣègùn eyín, àti Marie-Louise Ansak, òṣìṣẹ́ ìgbáyé-gbádùn, bẹ̀rẹ̀ ní San Francisco ní 1971, nítorí àwọn àgbà ọmọ Ṣáínà àti Ítálì àti Philippines tí wọ́n fẹ́ dàgbà sáàárín àwọn ènìyàn wọn. Nínú irú ètò yìí, tí òfin Amẹ́ríkà fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní 1997, awakọ̀ tí ń lọ gbé àwọn arúgbó wá náà ní àyè nínú ìpàdé àwọn olùtọ́jú. Ó wú mi lórí gidigidi, nítorí awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ìyá tí kì í pẹ́ jáde tẹ́lẹ̀ ti ń di ara ògiri mú bọ̀.

Ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2012, Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, rí tirẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní ilé ìwòsàn UCH. Àwọn kan ṣì kà á sí àbùkù pé ọmọ gbé òbí jáde nílé fún ìtọ́jú. N kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ìfẹ́ ọmọ, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó, kò mọ iṣẹ́ oríkèé. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń ṣubú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe sọ pé ogbó ni. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn olùtọ́jú, kí wọ́n bá yín yẹ̀ wọ́n wò.