Ọtí Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Ilẹ̀ Wa: Ìtàn Ìkòkò Tí Kì í Dá Nìkan Wà

Níbi ọdún wa lónìí, ìgò bíà ni ojú kọ́kọ́ ń rí lábẹ́ àgọ́. N kò bá ẹni tó gbé e wá jà. Mo kàn fẹ́ ká rántí ọtí tó wà ní àyè yẹn kí ìgò tó dé, èyí tí àwọn ìyá wa ń fi ọwọ́ ara wọn pọn.

Ọkà bàbà ni àwọn baba ńlá wa fi ń pọntí kí àgbàdo tó dé. Àgbàdo kì í ṣe irúgbìn ilẹ̀ Áfíríkà. Láti Amẹ́ríkà ni àwọn oníṣòwò òyìnbó ti gbé e kọjá òkun, lẹ́yìn ìrìn-àjò Christophe Colomb ní 1492. Nígbà tí ó di oúnjẹ wa, àwọn apọntí mú ọgbọ́n ọkà bàbà, wọ́n fi ṣe àgbàdo, ó sì di ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, ní Parakou àti Natitingou, ọkà bàbà ni wọ́n ṣì fi ń pọn tchoukoutou. Ní gúúsù, àbúrò rẹ̀ tó dùn ju ọtí lọ ni tchakpalo.

Ìyá tó bí ìyá mi pọntí ní Sakété. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. A ó ṣa àgbàdo, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì, a ó dà á sínú apẹ̀rẹ̀ tí a tẹ́ ewé sí, a ó sì tún fi ewé bò ó. Láàárọ̀ lálẹ́ ni a ń wọ́n omi sí i. Ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ó ti hù. A ó sá a sóòrùn, a ó lọ̀ ọ́, a ó pò ó mọ́ omi, a ó sì jẹ́ kó tòrò. Ìyá àgbà á wá rọra bu omi tó mọ́ lókè sọ́tọ̀. Ìsàlẹ̀ tó ki nìkan ni yóò gbé kaná. Bí iyẹn bá jinná tí ooru rẹ̀ sì rọlẹ̀, yóò da omi òkè padà sí i.

Mo di olùkọ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Nínú omi òkè yẹn ni ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní enzyme wà, òun ló ń sọ ògì inú àgbàdo di adùn. Nǹkan bí 60 sí 70°C ló ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa; bí omi bá hó, ó kú. Ìyá àgbà kò lọ ilé ìwé, kò sì ní ohun tí a fi ń wọn ooru, ṣùgbọ́n kò se omi òkè rí.

Lẹ́yìn èyí, a ó sẹ́ ẹ, a ó jẹ́ kó kan díẹ̀ mọ́jú, a ó sì sè é pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó le, á sè é títí omi rẹ̀ yóò fi dín kù. Bí ó bá tutù, a ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àná sí i. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni ìwúkàrà rẹ̀. Ní àríwá, kpètè-kpètè ni wọ́n ń pè é. Ohun ẹlẹ́mìí ni.

Ibẹ̀ gan-an ni èmi ti ṣe tèmi. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìsọmọlórúkọ kù ní ọ̀túnla, ìyá àgbà sì ní kí n ṣọ́ ìkòkò títí yóò fi tutù. Bọ́ọ̀lù ń pè mí. Èéfín ṣì ń yọ nígbà tí mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, mo sì sá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìkòkò dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ìfófòó kankan.

“Ta ló da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i?”

“Èmi ni, ìyá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Ṣé o fi ìka kàn án wò?”

“Rárá o.”

“O ti sè é. Ohun tó wà láàyè lo sè yẹn.”

Gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ní ló ti bá a lọ. Kò da ọtí nù. Ó fún mi ní igbá, ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ fún apọntí kejì ní agboolé ìsàlẹ̀, kí n tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó bu díẹ̀ nínú omi ọtí tó ti tutù, ó po gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà mọ́ ọn nínú igbá, ó dúró títí ó fi ń yọ ìfófòó, kó tó dà á sínú ìkòkò ńlá. Ní àárọ̀ ìsọmọlórúkọ, ọtí ti ń hó. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò mu ún. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn àṣìṣe mìíràn ní òfin tiwọn. Àgbàdo tó bá bu nínú apẹ̀rẹ̀, dídànù ni, a kì í fi fún ẹran pàápàá. Gbòǹgbò àti ọ̀mùnú ọkà bàbà tó hù ní májèlé nínú. A gbọ́dọ̀ gbẹ ẹ́, ká ra á kúrò, ká sì se ọkà náà jinná. Bí ìkòkò bá fẹ́ hó dànù, igi la ń fà jáde, ká sì máa rò ó. Ọtí tó ń hó, a kì í dí ẹnu ìkòkò rẹ̀ pa, kó má baà bẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kíkan ló kù. Ìdí nìyí tí a fi ń pọn ìwọ̀n tí àlejò lè mu tán.

Kí ló wá dín ìkòkò kù? Ojú irin láti Àjàṣẹ́ dé Pobè ní 1913, ọjà òyìnbó sì túbọ̀ rọrùn láti rí. Ní 1919, àwọn ìjọba òyìnbó ṣe àdéhùn ní Saint-Germain láti dín ọtí líle tó ń wọ Áfíríkà kù. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí gbogbo wa gbọ́, Sodabi, ọmọ Allada tó jagun ní Faransé, mú ọgbọ́n yíyọ ọtí líle láti inú ẹmu wálé. Ìjọba amúnisìn fi òfin dè é, síbẹ̀ ó tàn kálẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́ dòní. Ilẹ̀ ọ̀pẹ sì ni ilẹ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni bíà inú ìgò dé.

Ọtí tí a kò mọ ẹni tó ṣe é ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ògógóró tí mẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì ba ojú àwọn mìíràn jẹ́. Apọntí àdúgbò ní orúkọ tí kò fẹ́ bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé agboolé ìsàlẹ̀ yẹn kò pọntí mọ́. Àṣìṣe kò lè pa ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láyé ìyá àgbà, nítorí bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ilé kan bá kú, ti ilé kejì wà láàyè. Bí apọntí bá ku ẹyọ kan ní ìlú, ìkòkò kan tó gbóná jù ti tó láti pa gbogbo rẹ̀ run.

Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọdún tí a fi ń yin àwọn ìyá, gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ní 2016, wọ́n kọ àṣà bíà àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù náà sínú ìwé yẹn. A kì í ṣe ará ẹ̀yìn. Mo bẹ ẹgbẹ́ wa àti àwọn mérì: ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ fún àwọn ìyá apọntí tó kù ní àyè àti owó ọkà, kí ẹni méjì-méjì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn ọmọ CEG lè gba ohùn wọn sílẹ̀ ní èdè wa, kí wọ́n sì kọ ọ́. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà kó mutí náà lè gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Kí ọdún yí po. Kí ìkòkò wa má dá nìkan wà.