Bí òjò Bassila ṣe di ìṣirò kọ̀ǹpútà

Bí òjò bá rọ̀ ní Manigri, ní kọmúùnù Bassila ní Benin, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló ń dé odò, tí odò Térou sì ń gbé e lọ fún odò Ouémé. Nǹkan bí 1,100 mìlímítà òjò ló ń rọ̀ ní agbègbè náà lọ́dún. Oòrùn àti ewéko ló ń gba èyí tó pọ̀ jù. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń wọn omi Ouémé ní Bétérou, ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kò lè sọ ohun tí odò yóò ṣe bí igbó bá di oko iṣu.

Ìbéèrè yẹn wà lára ohun tí IMPETUS bá wá, iṣẹ́ ìwádìí tí Yunifásítì Bonn àti ti Cologne ní Jámánì ṣe láti 2000 sí 2011. Wọ́n gbé ohun èlò sí etí odò kékeré Aguima lẹ́bàá Doguè, ní kọmúùnù Bassila. Ilẹ̀ tó ń da omi sínú odò náà jẹ́ nǹkan bí 30 km². Simone Giertz, tó fi iṣẹ́ yìí gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2004, wọn bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi nínú igbó àti nínú oko. Ilẹ̀ oko kò mu omi tó ti igbó. Níbi tí ọkọ́ ti ń tú ilẹ̀, ekòló àti àwọn ẹ̀dá mìíràn tó ń lu ihò sínú rẹ̀ ti dín kù, omi a sì máa ṣàn lórí ilẹ̀ lọ tààrà.

Luc Sintondji, ọmọ Benin, ló mú Térou fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ ní Bonn, ní 2005. SWAT ló lò, ètò kọ̀ǹpútà tí Jeff Arnold àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Texas. Ètò yìí a pín ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́ gẹ́gẹ́ bí erùpẹ̀, ohun ọ̀gbìn àti ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì ṣírò omi ọ̀kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Texas kì í ṣe Bassila. Àfi kí èèyàn gbẹ́ ilẹ̀ wò, kí ó sì fi ìṣirò wé omi tí wọ́n wọ̀n lódò gan-an. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Sintondji padà sí Yunifásítì Abomey-Calavi ní Benin láti kọ́ni. Ní 2012, Aymar Bossa, olùwádìí mìíràn, fi erùpẹ̀ àti èròjà ajílẹ̀ tí omi ń gbé lọ kún ìṣirò Ouémé. Ní sáà yẹn náà ni WASCAL, àjọ ìwádìí ojú ọjọ́ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, dá ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé lórí ojú ọjọ́ àti omi sílẹ̀ ní Abomey-Calavi, tí akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mìíràn sì ń wá síbẹ̀.