Bí a ṣe ń fi àkójọ kan sẹ́ òmíràn nínú kọ̀ǹpútà

Iṣẹ́ kan wà tí àwọn tó ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà máa ń ṣe lójoojúmọ́. Wọn yóò ní àkójọ méjì lọ́wọ́, wọn yóò sì fẹ́ yọ àwọn tó wà nínú méjèèjì sọ́tọ̀. Bí a ṣe ń fi asẹ́ ya èèrí kúrò lára ògì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi àkójọ kejì sẹ́ èkíní.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Èkíní ni kí kọ̀ǹpútà máa fi orúkọ kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tó wà nínú àkójọ kejì. Bí àkójọ kọ̀ọ̀kan bá ní orúkọ 10,000, ìfiwéra náà lè tó 100,000,000. Èkejì ni kí ó kọ́kọ́ fi àmì ìdánimọ̀ tó wà nínú àkójọ kejì ṣe atọ́ka, kí ó lè máa rí ohun tó ń wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbésẹ̀ bí 20,000 ti tó fún èyí. Nínú èdè JavaScript, filter ni wọ́n fi ń sẹ́ ẹ, Set tó wọ inú èdè náà lọ́dún 2015 sì ni atọ́ka ọ̀hún.

Ṣùgbọ́n yíyára nìkan kọ́. Àmì tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ gan-an ni kókó. Orúkọ nìkan kò tó, nítorí àìmọye ènìyàn ló ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òfin ibẹ̀ nígbà náà kò gbà kí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ńlá dìbò, àfi bí wọ́n bá dá ẹ̀tọ́ rẹ̀ padà. Kí ìbò ààrẹ ọdún 2000 tó wáyé, wọ́n fi àkójọ àwọn ọ̀daràn sẹ́ ìwé orúkọ olùdìbò. Orúkọ tí kò bára mu délẹ̀ pàápàá, wọ́n kà á sí ọ̀kan náà, wọ́n sì ka aláìṣẹ̀ mọ́ ọ̀daràn. Ìbò 537 péré ni George W. Bush fi borí Al Gore níbẹ̀.

Lọ́dún 2004, wọ́n tún gbé àkójọ mìíràn jáde, orúkọ inú rẹ̀ lé ní 47,000. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ẹ̀yà ènìyàn gbọ́dọ̀ bára mu pẹ̀lú. Àṣé ìwé olùdìbò ní àyè fún àwọn Hispanic, ìyẹn àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì wá, ṣùgbọ́n ìwé ọ̀daràn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, 61 péré nínú wọn ló bọ́ sínú àkójọ náà, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú lé ní 22,000. Ní oṣù keje ọdún náà, ìjọba pa á tì.

Ẹni tó bá fẹ́ sẹ́ àkójọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i pé ìtumọ̀ kan náà ni àmì rẹ̀ ní nínú méjèèjì, àti pé ẹni méjì kò jọ ń lò ó. Kọ̀ǹpútà kò mọ ènìyàn. Àmì tí a bá fi lé e lọ́wọ́ nìkan ló mọ̀.