Roots (ìwé Alex Haley)

Roots: The Saga of an American Family jẹ́ ìwé tí Alex Haley, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 1976. Ó dá lórí ìran méje nínú ìdílé ìyá rẹ̀, láti orí Kunta Kinte, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Gámbíà tí wọ́n kó lẹ́rú, títí dé orí Haley fúnra rẹ̀.

Ìwádìí

Ẹnu ìyá ìyá rẹ̀ àti àwọn àgbà obìnrin ìdílé wọn ni Haley ti gbọ́ ìtàn náà lọ́mọdé ní ìlú Henning, ìpínlẹ̀ Tennessee. Wọ́n ní orúkọ baba ńlá wọn ni Kintay, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ sọ ọ́ ní Toby. Ó máa ń pe ohun èlò orin olókùn ní "ko", ó sì ń pe odò kan ní "Kamby Bolongo". Jan Vansina, onímọ̀ nípa ìtàn àtẹnudẹ́nu, ṣàlàyé fún Haley pé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ èdè Mandinka. Èyí ló gbé e dé abúlé Juffure ní Gámbíà ní ọdún 1967, níbi tí Kebba Fofana ti pìtàn ìdílé Kinte fún un. Nínú àkọsílẹ̀, Haley rí i pé ọkọ̀ Lord Ligonier kó ẹrú láti Gámbíà dé Annapolis ní ọdún 1767. Ó gbà pé Kunta wà lára wọn.

Àríwísí

Ìwé náà gba ẹ̀bùn àkànṣe Pulitzer ní ọdún 1977. Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ tọ́ka sí àléébù nínú ìwádìí rẹ̀. Donald Wright fi hàn pé Fofana kì í ṣe arọ́kìn tí a bí sídìí iṣẹ́ náà, àti pé àwọn ènìyàn ti mọ ohun tí Haley ń wá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Gary Mills àti Elizabeth Shown Mills yẹ àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ Virginia wò, wọ́n sì rí i pé Toby ti wà lọ́wọ́ ìdílé Waller kí ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀. Harold Courlander pẹ̀lú pe Haley lẹ́jọ́ pé ó mú ọ̀rọ̀ láti inú ìwé òun, The African. Wọ́n fi owó yanjú ẹjọ́ náà ní ọdún 1978. Haley fúnra rẹ̀ gbà pé òun fi àròsọ kún òtítọ́.

Ipa

Ìwé náà àti eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi ṣe ní ọdún 1977 mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa orírun wọn. Ní ọdún 2011, ìjọba Gámbíà sọ erékùṣù James ní Kunta Kinteh. Lọ́dọ̀ àwọn olùwádìí, ìwé náà ti di àpẹẹrẹ pé ìtàn ìdílé lè tọ́ni sọ́nà, ṣùgbọ́n pé ẹni tó bá ti sọ ohun tí ó ń wá fún ẹlẹ́rìí kò lè fọkàn tán ìdáhùn tí yóò gbà.