Nígbà tí Abiyamọ Kò Tatí: Àlàyé lórí Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Lẹ́yìn Ìbímọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré. Ohun tí àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ ni pé bí ọmọ bá ti ké, ìyá á pa ohunkóhun tó ń ṣe tì, ìbáà jẹ́ oorun, kó lè dá a lóhùn. Nítorí pé òwe náà ti di òṣùwọ̀n tí àwùjọ fi ń wọn ìyá, bí ọmọ bá ń ké tí ìyá rẹ̀ jókòó tì í, tó tẹjú mọ́ ògiri, kì í pẹ́ kí wọ́n tó pè é ní ọ̀lẹ tàbí ọ̀dájú, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn ló ń bá a jà.

Àìsàn náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ. Ó yàtọ̀ sí ẹkún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó sì yàtọ̀ sí abísínwín, èyí tí kì í mú ju ìyá kan tàbí méjì lọ nínú 1,000. Ní ti ìrẹ̀wẹ̀sì, inú ìyá á bàjẹ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, oorun kò ní kùn ún kódà bí ọmọ bá sùn, á sì máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣáá.

Lẹ́yìn ìbímọ, àwọn kan nínú họ́mọ̀nù, ìyẹn àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí iṣẹ́ ara, máa ń dínkù lójijì. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyá ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni àìsàn yìí ń mú. Ohun tó ń fi ẹnì kan sínú ewu ju ẹlòmíràn lọ ni pé kí ìrẹ̀wẹ̀sì ti ṣe é rí, tàbí kó ti bẹ̀rẹ̀ látinú oyún. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọkọ bá ń lù ú, bí oyún bá jẹ́ èyí tí kò rò tẹ́lẹ̀, tàbí bí kò bá sí owó tàbí alábàárò.

Nínú ìwádìí tí olùwádìí kan, Adewuya, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005 lórí ìyá 876 ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, 14.6 nínú 100 ló ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ. Àwọn tó wà nínú ewu jù ni àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn nígbà oyún, àwọn tí oṣù ọmọ wọn kò pé, àwọn tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ tàbí irinṣẹ́ gbẹ̀bí fún, àwọn tí kò lọ́kọ, àti àwọn tó bí obìnrin. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ rárá: níbi tí àwọn mọ̀lẹ́bí bá ti ń retí àrólé, ìyá tó bí obìnrin lè máa rí ìjákulẹ̀ lójú gbogbo ẹni tó wá kí i kú ewu ọmọ.

Láti 1987 ni ìbéèrè mẹ́wàá kan ti wà, tí wọ́n ṣe ní Scotland, tí nọ́ọ̀sì lè fi yẹ ọkàn ìyá wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ń béèrè bóyá ìyá ti rò ó láti ṣe ara rẹ̀ léṣe. Àìsàn yìí gbóògùn, ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú onímọ̀ sì ń wò ó. Nítorí náà, kí ẹni tó bá wá wẹ ọmọ béèrè àlàáfíà ìyá pẹ̀lú, kí ọkọ sì mú un lọ sílé ìwòsàn kó tó pẹ́ jù.