Matewan

Matewan jẹ́ ìlú kékeré kan ní Káúńtì Mingo, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó wà láàrin àwọn òkè Appalachia, ní etí odò Tug Fork, èyí tí ó jẹ́ ààlà láàrin West Virginia àti Kentucky. Àwọn olùgbé rẹ̀ kò tó 500 nígbà ìkànìyàn ọdún 2020. Èédú tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni ó mú kí ìlú náà gbèrú, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni ìjà ìbọn ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 1920, nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlú dúró ti àwọn awakùsà lòdì sí àwọn ilé-iṣẹ́ èédú.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìlú

Kí ìlú náà tó wà ni agbègbè rẹ̀ ti gbajúmọ̀ nítorí ìjà láàrin ẹbí Hatfield àti ẹbí McCoy. Ní ọdún 1882, àwọn Hatfield yìnbọn pa ọmọkùnrin mẹ́ta nínú ẹbí McCoy, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá, ní òdìkejì odò, láti gbẹ̀san ikú Ellison Hatfield.

Ní àwọn ọdún 1890, ilé-iṣẹ́ rélùwéè Norfolk and Western la ojú irin gba àfonífojì náà kọjá, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti ara orúkọ Matteawan, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìwakùsà ní agbègbè náà, ilé-iṣẹ́ èédú ni ó ni ilé tí òṣìṣẹ́ ń gbé àti ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ra oúnjẹ. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń fi owó tí wọ́n ṣe fúnra wọn, tí kò ṣe é ná níbòmíràn, san owó iṣẹ́. Matewan yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí. Kì í ṣe ohun ìní ilé-iṣẹ́ kankan. Ó ní alákòóso àti ọlọ́pàá tirẹ̀ tí kò sí lábẹ́ àṣẹ àwọn ọ̀gá èédú. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ìjà ọdún 1920

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1920, àwọn awakùsà Káúńtì Mingo bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ United Mine Workers of America. Àwọn òyìnbó agbègbè náà, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n wá láti gúúsù Amẹ́ríkà, àti àwọn tí wọ́n ṣí wá láti Ítálì jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ lé àwọn tí wọ́n wọ ẹgbẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì pàdánù ilé pẹ̀lú, nítorí ilé-iṣẹ́ ni ó ni ilé.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Baldwin-Felts, tí wọ́n jẹ́ alágbàṣe, kó ẹrù àwọn ìdílé awakùsà síta láti inú àwọn ilé Stone Mountain Coal Company. Nígbà tí wọ́n ń padà lọ wọ ọkọ̀ ojú irin, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú, Sid Hatfield, tí òun náà ti wa kùsà rí, dá wọn dúró láti mú wọn. Albert Felts, aṣáájú wọn, fèsì pé òun náà ní ìwé àṣẹ láti mú Hatfield. Alákòóso ìlú, Cabell Testerman, ní ayédèrú ni ìwé náà. Lẹ́yìn èyí ni ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Títí di òní, àríyànjiyàn wà lórí ẹni tí ó kọ́kọ́ yìnbọn. Ènìyàn 10 ni ó kú: ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méje, awakùsà méjì àti Testerman. Albert Felts àti Lee, àbúrò rẹ̀, wà lára àwọn tí ó kú.

Ilé ẹjọ́ dá Hatfield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láre ní ọdún 1921. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn aṣojú Baldwin-Felts yìnbọn pa òun àti Ed Chambers lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́ ní ìlú Welch. Ikú wọn bí àwọn awakùsà nínú. Nǹkan bí 10,000 nínú wọn gbé ìbọn, wọ́n sì wọ́de lọ sí Òkè Blair, níbi tí ìjà ti le títí tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi dé. Àwọn awakùsà kò borí. Ọdún 1933, nígbà tí òfin tuntun fún òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ni ẹgbẹ́ wọn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè náà.

Àwọn ibi ìbẹ̀wò

Bí ẹ̀rọ ṣe ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tí iṣẹ́ èédú sì ń dínkù, ọ̀pọ̀ ènìyàn fi agbègbè náà sílẹ̀. Ẹ̀kún omi ọdún 1977 tún ba ìlú náà jẹ́ gidigidi. Lónìí, ìtàn rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń fa àlejò wá. Ní ọdún 1997, ìjọba àpapọ̀ fi àárín ìlú náà sínú àkójọ àwọn ibi ìtàn pàtàkì orílẹ̀-èdè. Lára àwọn ibi tí àlejò lè rí ni:

• West Virginia Mine Wars Museum: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó ṣí ní ọdún 2015. Ó wà nínú ilé tí ó jẹ́ báńkì tẹ́lẹ̀, ó sì ń sọ ìtàn ìjà àwọn awakùsà.

• Ojú ọta ìbọn: àwọn ihò tí ìjà ọdún 1920 fi sára ògiri bíríkì kan ṣì wà níbẹ̀.

• Ibùdókọ̀ ojú irin: èyí tí wọ́n kọ́ ní àwòkọ ti àtijọ́, tí ó sì ń gba àlejò.

• Ògiri ìdènà ẹ̀kún omi: ògiri kọnkéré tí ó dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ odò. Wọ́n gbẹ́ àwòrán ìtàn ìlú sí i lára.

• Hatfield–McCoy Trails: àwọn ọ̀nà orí òkè fún ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.

Ní ọdún 1987, John Sayles ṣe fíìmù Matewan lórí ìjà náà. Thurmond, ìlú èédú mìíràn ní West Virginia, ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. James Earl Jones kópa nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí awakùsà aláwọ̀ dúdú kan.