Ike Àlòkù àti Fọ́nrán Ewéko Nínú Kọnkéré: Ibi Tí Wọ́n Wúlò àti Ibi Tí Wọ́n Léwu

Kọnkéré ni àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì, yanrìn, òkúta àti omi, tí ó máa ń le bí àpáta. Ó lè gbé ẹrù wúwo, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ sán bí a bá fà á tàbí tí a tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń ki irin bọ inú òpó àti dẹ́kìn. A kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin onílé àti ẹ̀yin bíríkìlà tí ẹ ti gbọ́ pé a lè fi ike àlòkù tàbí fọ́nrán ewéko kún un.

Ohun tí ó wà nítòsí wa

Ní Àkúrẹ́, ìgò oníke àti ọ̀rá omi a máa dí gọ́tà, òjò a sì gbá wọn lọ sínú odò Àlà. Ní agbègbè ìlú Oǹdó, ihá àti èésan ni ó máa ń kù lẹ́yìn tí a bá fún epo pupa tán. Àwọn olùwádìí ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní ọdún 1981, ti ṣe iṣẹ́ lórí fọ́nrán ewéko àti ike àlòkù.

Fọ́nrán ewéko

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Fọ́nrán máa ń di kọnkéré mú kí ó má tètè sán, kí omi má baà ráyè dé ibi irin. Àmọ́ fọ́nrán a máa fa omi mu, omi sìmẹ́ńtì a sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí omi eérú ṣe ń jẹ nǹkan. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fọ epo ara rẹ̀ kúrò, kí a sá a gbẹ, kí a sì gé e kéékèèké. Kì í sábà ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún kọnkéré náà lọ.

Ike àlòkù

Yanrìn tàbí òkúta ni ike tí a rún ń rọ́pò. Kò rọ́pò sìmẹ́ńtì. Ẹni tí ó bá tìtorí ike dín sìmẹ́ńtì kù ń ba ilé ara rẹ̀ jẹ́. Sìmẹ́ńtì kì í lẹ̀ mọ́ ike dáadáa, nítorí náà, bí ike bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára kọnkéré ń dín kù. Bí iná bá sọ, ike ìgò omi yóò yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 250 sí 260 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì.

Ibi tí ó yẹ

A lè lò wọ́n fún íńtálọ́ọ̀kì àgbàlá, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ògiri tí kò gbé ẹrù. Ẹ má ṣe dá wọn lò fún ìpìlẹ̀, òpó, lítẹ́ẹ̀lì tàbí dẹ́kìn. Ẹ̀mí ènìyàn ni àwọn wọ̀nyí gbé dúró.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ COREN ṣètò àpòpọ̀ náà, kí a sì tẹ àpẹẹrẹ rẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ẹ má sì yọ́ ike lórí iná ní àgbàlá, pàápàá páìpù oníke: májèlé ni èéfín rẹ̀.